Àsọtẹ́lẹ̀ àti Ìfojúdíwọ̀n

Ó ti di àṣà lórí rédíò ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó pé ohunkóhun tí a bá fi ìṣirò mọ̀ ṣáájú, ìbáà ṣe òjò ọ̀la tàbí kòkó tí yóò wọ ọjà, àsọtẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Lẹ́nu àwọn àgbà, "sọ tẹ́lẹ̀" kò ju kí a ti fi nǹkan léni létí ṣáájú lọ, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí odidi Bíbélì Yorùbá ti jáde ní 1884, èyí tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ṣe aṣáájú ìtumọ̀ rẹ̀, iṣẹ́ wòlíì ni àsọtẹ́lẹ̀ ń mú wá sọ́kàn, wòlíì tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá sì ṣẹ, èké ni.

"Fojú díwọ̀n" ló bá iṣẹ́ ìṣirò mu. "Dá ìwọ̀n" ló sún kì di "díwọ̀n", ẹbí kan náà sì ni òun, "ìwọ̀nba" àti "ìwọ̀ntúnwọ̀nsì", tí gbogbo wọn ń tọ́ka sí ibi tí nǹkan gbọ́dọ̀ mọ. Kí a wo àgbẹ̀ kan lágbègbè Oǹdó, tó ń wọn kòkó tútù kó tó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó, tó sì tún ń wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tó bá sá a gbẹ. Bó bá fi ìlà tó dùbúlẹ̀ ṣe ìwọ̀n tútù, tó fi èyí tó dúró ṣe ìwọ̀n gbígbẹ, tó sì fi àmì kan sílẹ̀ fún ẹrù kọ̀ọ̀kan, àwọn àmì náà yóò fọ́n ká, nítorí oòrùn kì í dọ́gba lójoojúmọ́, síbẹ̀ wọn yóò jọ máa gòkè. Ìlà tó gba àárín wọn kọjá, èyí tí a lè pè ní ìlà ìtẹ̀sí, tí Legendre ará Faransé ti tẹ ọ̀nà ìṣirò rẹ̀ jáde ní 1805, yóò fi hàn pé 50 kìlò tútù lè fún un ní nǹkan bí 20 kìlò gbígbẹ.

"Nǹkan bí" yìí gan-an ni àsọtẹ́lẹ̀ kò lè gbé. Àmì kan lè jìnnà sí ìlà láìsọ ẹnikẹ́ni di èké; bí ẹrù tí àgbẹ̀ náà wọ̀n kò bá sì kọjá 100 kìlò rí, ìlà rẹ̀ kò ní ẹ̀rí kankan lórí 500, bẹ́ẹ̀ ni èyí tó yà nígbà òjò kò ṣe é gbára lé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ní ti ojú ọjọ́, àṣìlò ti borí: "àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́" ni àgbẹ̀ mọ èyí tí NiMet, àjọ ojú ọjọ́ Nàìjíríà, ń gbé jáde lọ́dọọdún sí, kò sì sí ẹni tó lè gbà á lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Olùkọ́ ìṣirò tó dúró níwájú pátákó ní Àkúrẹ́ kò ní irú àwáwí bẹ́ẹ̀.