ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀: Ta ló yọ ẹsẹ yẹn kúrò?

Kíkà: Máàkù 9:14-29

Bóyá ẹ ti rí i lórí fóònù yín rí: nínú àwọn Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì kan, Mátíù 17 fò láti ẹsẹ 20 bọ́ sí 22. Ọkàn ẹlòmíràn á já. Ṣé wọ́n ti ń gé Bíbélì ni?

Irú ìbẹ̀rù yìí mú Johann Albrecht Bengel, tí wọ́n bí ní Winnenden, ní Württemberg nílẹ̀ Jámánì, ní 1687. (Württemberg yìí náà ni David Hinderer, tó mú ìhìnrere wọ Ìbàdàn, ti wá.) Ní 1707, John Mill ti Oxford tẹ Májẹ̀mú Tuntun lédè Gíríìkì jáde, ó sì tọ́ka sí nǹkan bí ibi 30,000 tí àwọn ẹ̀dà àfọwọ́kọ ti yàtọ̀ síra. Ọ̀rọ̀ náà kó ìdààmú bá ọ̀dọ́kùnrin yìí gan-an.

Kò dijú sí i. Láti 1713 ló ti ń kọ́ àwọn ọmọkùnrin tó fẹ́ di pásítọ̀ ní Denkendorf, ọdún 28 ló lò níbẹ̀. Bó ti ń kọ́ wọn ló ń kó ẹ̀dà jọ, tó ń fi wọ́n wéra. Ó rí i pé kíka iye wọn kò tó: bí ogún akọ̀wé bá da ìwé kan náà kọ, ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni gbogbo wọn. Ó tún rí i pé ibi tó le lóye ló sábà máa ń jẹ́ ti ìṣáájú, torí akọ̀wé a máa tún ọ̀rọ̀ ṣe kó lè yé ni. Ta ló ń dìídì lọ́ ohun tó ti yéni?

Ní 1734 ó tẹ Májẹ̀mú Tuntun tirẹ̀ jáde. Àwọn kan bú u pé ó ń fi Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ṣeré. Àmọ́ ohun tó rí ni pé kò sí ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ kan tí ìyàtọ̀ wọ̀nyẹn wó lulẹ̀. (Ìṣirò rẹ̀ nípa 1836, pé ẹgbẹ̀rún ọdún máa bẹ̀rẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀ o, ọdún náà kọjá wẹ́rẹ́.)

Ẹ padà sí Mátíù 17:21. Ẹ̀dà púpọ̀ ní in, àwọn tó pẹ́ jù kò ní in, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé e sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé. Ẹ wá ṣí Máàkù 9:29. Àwọn ẹ̀dà àtijọ́ kan kò dárúkọ ààwẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí Jésù sọ nípa àdúrà fún ọmọ yẹn wà níbẹ̀ digbí.

Ó di ọ̀la o.