Ère Ọlọ́wẹ̀ àti àwọn òkè Ìkẹ́rẹ́

Ìbéèrè: Ère ìta gbangba wo ló lókìkí nítòsí Adó-Èkìtì, kí sì ni a tún lè wò níbẹ̀?

Ìdáhùn: Ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, ní gúúsù Adó, ni Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ti gbẹ́ àwọn òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìyẹn òpó igi alére tó ń gbé òrùlé ró létí àgbàlá. Lára wọn ti dé Chicago, ilẹ̀kùn ààfin sì wà ní Lọ́ńdọ̀nù láti ìgbà tí wọ́n gbé e lọ síbi ìpàtẹ Wembley ní ọdún 1924, tí wọ́n sì fi ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pààrọ̀ rẹ̀ (pàṣípààrọ̀ tó ṣòro láti pè ní dọ́gbadọ́gba). Òkè Olósunta àti Òrólé, àpáta ńláńlá tí a ń bọ, kò ṣeé gbé lọ ní tiwọn. Ìkẹ́rẹ́ ni wọ́n ṣì wà.