Bóòtù Tó Kọ̀ Tí Kò Tú
Bí a bá fẹ́ pààrọ̀ kúlọ́ọ̀ṣì ọkọ̀ nílé, àfi kí a kọ́kọ́ sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀. Ibẹ̀ ni bóòtù tó ti dógùn-ún ti máa ń kọ̀, tí kì í tú. Ẹ má fi ipá fà á o! Orí ọ̀kan ti kán mọ́ àwa náà lọ́wọ́ rí nítorí ìkánjú. Iṣẹ́ ọjọ́ kan di ti ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ ha ìdọ̀tí ara rẹ̀, ẹ ta epo sí i, kó sùn mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì, ẹ rọra fi òòlù gbá a lórí, ẹ fi sípánà olórùka dè é díẹ̀ sí i kí ẹ tó tú u.

Jáàkì nìkan kò tó gbé ọkọ̀ ró lórí ènìyàn. Ẹ fi òpó irin tì í. Gíábọ́ọ̀sì wúwo: ẹ fi jáàkì mìíràn gbé e kí ẹ tó yọ bóòtù tó kẹ́yìn.