Àjọ Òṣìṣẹ́ Ìjọba Ìpínlẹ̀: Àgbéyẹ̀wò Ètò àti Ojúṣe Rẹ̀

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò Àjọ Òṣìṣẹ́ Ìjọba Ìpínlẹ̀, èyí tí Ìwé Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 gbé kalẹ̀ fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. A wo ìtàn rẹ̀, àwọn tí ó para pọ̀ di àjọ náà, agbára tí òfin fún un àti ibi tí agbára náà pin sí. Èrò wa ni pé ohun tí ó sọ àjọ yìí di òpó nínú ìjọba ìpínlẹ̀ ni pé ó ya ọwọ́ ẹni tí ń gbani síṣẹ́ kúrò lára ọwọ́ ẹni tí ń pàṣẹ iṣẹ́. A sì fi hàn pé olùkọ́ gbọ́dọ̀ mọ àjọ tí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó lè mọ ẹ̀tọ́ rẹ̀.

1. Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní gbogbo alángbá ni ó da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ àwọn tí à ń pè ní òṣìṣẹ́ ìjọba rí. Akọ̀wé iléeṣẹ́ ètò ìlera, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, akọ̀wé kóòtù, olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ni, orúkọ kan náà ni ará ìlú ń pe gbogbo wọn, nítorí pé lójú wọn, àpò kan náà ni owó oṣù gbogbo wọn ti ń jáde. Ṣùgbọ́n lójú òfin, kì í ṣe ọwọ́ kan náà ni ó gbà wọ́n síṣẹ́, kì í sì í ṣe ọwọ́ kan náà ni ó lè dá wọn dúró.

Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa bá ti ń sún mọ́ òpin ẹ̀kọ́ wọn, ìbéèrè tí ó máa ń wà lẹ́nu wọn ni pé ta ni yóò gba àwọn síṣẹ́. Ìbéèrè kejì, èyí tí wọn kì í sábà béèrè, ṣe pàtàkì jù ú lọ: bí a bá gbà wá tán, ta ni ó lè lé wa, báwo ni ó sì ṣe gbọ́dọ̀ ṣe é? A kò lè dáhùn ìbéèrè méjèèjì yìí láìmọ iṣẹ́ Àjọ Òṣìṣẹ́ Ìjọba Ìpínlẹ̀, nítorí pé òun ni a lè fi ṣe àwòkọ́ṣe fún àwọn àjọ ìgbanisíṣẹ́ yòókù.

2. Òṣìṣẹ́ ìjọba àti òṣìṣẹ́ ìlú

Abala 318 nínú Ìwé Òfin ọdún 1999 pín àwọn òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ sí ọ̀nà méjì. Ọ̀nà kìíní ni àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì Gómìnà, ọ́fíìsì igbákejì Gómìnà, àti àwọn iléeṣẹ́ àti ẹ̀ka ìjọba tí ń bójú tó ètò ìpínlẹ̀. Ọ̀nà kejì gbòòrò ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó kó àwọn ti ọ̀nà kìíní mọ́ra, ó sì fi àwọn òṣìṣẹ́ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin, òṣìṣẹ́ kóòtù, òṣìṣẹ́ àwọn àjọ tí òfin dá sílẹ̀, àti òṣìṣẹ́ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí owó ìjọba ìpínlẹ̀ ń gbé ró kún un.

Yorùbá kò ní orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọ̀nà méjèèjì yìí nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Nínú iṣẹ́ yìí, a ó pe àwọn ti ọ̀nà kìíní ní òṣìṣẹ́ ìjọba, a ó sì pe àwọn ti ọ̀nà kejì ní òṣìṣẹ́ ìlú. Gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba ni òṣìṣẹ́ ìlú, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òṣìṣẹ́ ìlú ni òṣìṣẹ́ ìjọba. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba nìkan ni wọ́n wà lábẹ́ àjọ tí à ń gbé yẹ̀ wò.

3. Ìtàn ní ṣókí

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni gbòǹgbò irú àjọ yìí wà. Ní ọdún 1854, Stafford Northcote àti Charles Trevelyan kọ ìròyìn kan tí ó bu ẹnu àtẹ́ lu bí àwọn alágbára ṣe ń fi iṣẹ́ ìjọba ta àwọn ẹbí àti ọ̀rẹ́ wọn lọ́rẹ. Wọ́n ní ìdánwò ni kí a fi máa gbani síṣẹ́. Ní ọdún 1855 ni wọ́n dá àjọ sílẹ̀ níbẹ̀ láti mú un ṣẹ.

Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 1954 ni ó ṣínà fún irú àjọ bẹ́ẹ̀ ní ìjọba àpapọ̀ àti ní àwọn ẹkùn. Nígbà tí a pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí Ògùn, Òǹdó àti Ọ̀yọ́ ní ọdún 1976, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní láti ní tirẹ̀. Ìwé Òfin ọdún 1979 tún fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Kò ṣàì rí ìdààmú. Òfin kẹtàlélógójì ti ọdún 1988, tí ìjọba ológun ṣe, gbé púpọ̀ nínú agbára ìgbanisíṣẹ́, ìgbéga àti ìbáwí lé àwọn iléeṣẹ́ ìjọba fúnra wọn lọ́wọ́. Ó sì so ipò Akọ̀wé Àgbà mọ́ ìjọba tí ó bá wà lórí oyè. Ìgbìmọ̀ tí Allison Ayida jẹ́ alága rẹ̀, tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní ọdún 1994, dámọ̀ràn pé kí a padà sẹ́yìn kúrò nínú ètò yìí. Ọ̀nà tí Ìwé Òfin ọdún 1999 sì tọ̀ nìyẹn.

4. Ètò àjọ náà

Abala 197 ni ó dá àjọ náà sílẹ̀. Àfikún kẹta sí Ìwé Òfin sọ pé alága kan ni yóò ní, pẹ̀lú ọmọ ẹgbẹ́ tí kò gbọ́dọ̀ dín ní méjì, tí kò sì gbọ́dọ̀ ju mẹ́rin lọ. Ẹni tí ìwà rẹ̀ mọ́, tí ó sì ní òye ọ̀ràn ìlú, ni òfin ní kí a yàn.

Gómìnà ni ó ń yàn wọ́n, ṣùgbọ́n Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí wọ́n tó lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọdún márùn-ún ni sáà wọn. Gómìnà kò lè dá ṣe é bí ó bá fẹ́ yọ ọ̀kan nínú wọn. Abala 201 sọ pé ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin gbọ́dọ̀ béèrè fún ìyọkúrò náà, kí ó sì jẹ́ nítorí pé ẹni náà kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ tàbí pé ó hùwà àìtọ́. Bákan náà, abala 124 kò fàyè gba pé kí a gé owó oṣù wọn láti fi jẹ wọ́n níyà.

Àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́ àjọ náà, akọ̀wé rẹ̀ sì ni olórí wọn.

5. Ojúṣe àjọ náà

Ojúṣe méjì gbòógì ni òfin kà sílẹ̀: gbígba ènìyàn sí iṣẹ́ ìjọba, àti bíbá òṣìṣẹ́ wí títí dé orí lílé e kúrò. Ìgbéga àti ìfìdímúlẹ̀ iṣẹ́ wà lábẹ́ ti àkọ́kọ́.

Abala 207 gbà pé àjọ náà lè fi díẹ̀ nínú agbára rẹ̀ lé òṣìṣẹ́ ìjọba mìíràn lọ́wọ́ bí Gómìnà bá fọwọ́ sí i. Nídìí èyí ni a fi ń rí iléeṣẹ́ ìjọba tí ń gba òṣìṣẹ́ ìpele ìsàlẹ̀ fúnra rẹ̀. Agbára yíyá ni, kì í ṣe agbára àbínibí.

Ní ti ìbáwí, òṣìṣẹ́ tí a fi ẹ̀sùn kàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé tí ó sọ ohun tí ó ṣe, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní kúẹ́rì. A ó fún un láàyè láti fèsì. A ó gbé èsì náà yẹ̀ wò kí a tó dá ẹjọ́. Àgbà ti wí i pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dájọ́, àgbà òṣìkà ni. Abala 36 nínú Ìwé Òfin fi àṣẹ ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn.

6. Ọwọ́ tí ó yàtọ̀ síra

Ẹ jẹ́ kí a fi oyè jíjẹ ṣe àpẹẹrẹ. Ìdílé tí ọba kàn ni yóò fa ọmọ oyè kalẹ̀, àwọn afọbajẹ ni yóò yàn, ìjọba ni yóò sì gbé ọ̀pá àṣẹ fún un. Bí ọwọ́ kan ṣoṣo bá ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìlú kò ní fara balẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣẹ́ ìjọba. Kọmíṣọ́nnà ni ó ń darí iléeṣẹ́, Akọ̀wé Àgbà ni ó ń rí sí i pé iṣẹ́ ń lọ létòlétò, Olórí Òṣìṣẹ́ sì ni àgbà fún gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀. Gómìnà ni abala 208 fún lágbára láti yan Akọ̀wé Ìjọba, Olórí Òṣìṣẹ́ àti àwọn Akọ̀wé Àgbà. Síbẹ̀, àárín àwọn Akọ̀wé Àgbà tàbí àwọn tí wọ́n bá wọn dọ́gba nípò ni Olórí Òṣìṣẹ́ ti gbọ́dọ̀ wá. Ní ti òṣìṣẹ́ yòókù, ẹni tí ń pàṣẹ fún wọn kì í ṣe ẹni tí ó ni ìwé ìgbanisíṣẹ́ wọn. Nítorí náà, bí ọ̀gá bá ní kí akọ̀wé owó fọwọ́ sí ìwé tí kò tọ́, akọ̀wé náà lè kọ̀. Ó mọ̀ pé inú lè bí ọ̀gá, ṣùgbọ́n ọ̀gá kò lè fi ìbínú lé òun lọ sílé lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

7. Agbára àjọ àti ibi tí ó pin sí

Abala 202 sọ gbangba pé nígbà tí àjọ yìí bá ń gbani síṣẹ́ tàbí tí ó bá ń báni wí, kò sí aláṣẹ tàbí ẹnikẹ́ni tí ó gbọ́dọ̀ máa darí rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí rẹ̀ kí ó rántí ọdún 1975, nígbà tí ìjọba Murtala Muhammed yọ òṣìṣẹ́ tí ó ju 10,000 lọ jákèjádò Nàìjíríà. Púpọ̀ nínú wọn ni a kò fún láàyè láti wí tẹnu wọn. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ti gbà lọ́kàn pé iṣẹ́ ìjọba kò dáni lójú mọ́, àwọn mìíràn sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó jọ fún ọjọ́ ọ̀la.

Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tún ọ̀rọ̀ náà ṣe ní ọdún 1981 nínú ẹjọ́ tí Shitta-Bey pe Àjọ Òṣìṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀. Agbẹjọ́rò ni ní iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́, wọ́n sì fi tipátipá fẹ̀yìn rẹ̀ tì láìtẹ̀lé ìlànà. Ilé ẹjọ́ ní òfin ni ó fi òṣìṣẹ́ ìjọba sípò, kò rí bí ọmọ ọ̀dọ̀ tí ọ̀gá lè lé nígbà tí ó bá wù ú. Wọ́n pàṣẹ pé kí àjọ náà dá a padà sí ipò rẹ̀. Ẹjọ́ yìí kọ́ wa pé àjọ náà fúnra rẹ̀ kò ga ju òfin lọ.

Àjọ náà ní ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó. Kò lè gba ènìyàn síṣẹ́ bí kò bá sí àyè iṣẹ́ nínú ètò ìnáwó, Gómìnà àti Ilé Aṣòfin ni wọ́n sì ni ètò ìnáwó. Gómìnà kan náà ni ó ń yan àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí aṣòfin bá ń fọwọ́ sí orúkọ láìyẹ̀ ẹ́ wò, odi tí òfin mọ yóò di odi àfòmọ́jú lásán.

8. Ipò olùkọ́

Olùkọ́ wà lára òṣìṣẹ́ ìlú, ṣùgbọ́n kò sí lábẹ́ àjọ tí a ti ń sọ bọ̀. Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti girama kékeré wà lábẹ́ SUBEB, àjọ tí ó bá òfin ètò ẹ̀kọ́ ọdún 2004 mu. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, TESCOM ni ó ń gba olùkọ́ girama àgbà. Ìgbìmọ̀ aláṣẹ kọ́lẹ́ẹ̀jì ni ó ń gba olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Òfin ìpínlẹ̀ tàbí ti ilé-ẹ̀kọ́ ni ó dá àwọn wọ̀nyí sílẹ̀, nítorí náà ààbò wọn kò lágbára tó ti àjọ tí Ìwé Òfin fúnra rẹ̀ gbé kalẹ̀.

Ìdí nìyí tí olùkọ́ tuntun fi gbọ́dọ̀ mọ ohun mẹ́ta: àjọ tí ó fọwọ́ sí ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀, òfin tí ó dá àjọ náà sílẹ̀, àti ìlànà ìbáwí tí ó wà nínú òfin náà. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ lè kọ kúẹ́rì, ó lè fi ẹjọ́ sùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ó ń léni.

9. Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé Àjọ Òṣìṣẹ́ Ìjọba Ìpínlẹ̀ kì í ṣe ibi tí a ti ń pín fọ́ọ̀mù iṣẹ́ lásán. Odi ni láàárín àṣẹ àti ìlòkulò àṣẹ. Àǹfààní rẹ̀ kò mọ sọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ nìkan, nítorí pé òṣìṣẹ́ tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ni ó lè ṣe ẹ̀tọ́ fún ará ìlú láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Bí a bá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa ìjọba ní èdè wọn, kí a má ṣe kọ́ wọn ní orúkọ àwọn àjọ nìkan, kí a kọ́ wọn ní ìdí tí ọwọ́ wọn fi yàtọ̀ síra.