Bí A Ṣe Ń Fi Fáìlì Ránṣẹ́ Láti Kọ̀ǹpútà Kan Sí Òmíràn Láìséwu

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde wa àti ẹ̀yin òbí, ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ tí à ń tì mọ́ inú àpótí nígbà kan rí ti di fáìlì lónìí: èsì ìdánwò, ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ, àdírẹ́sì òbí wọn. Bí irú fáìlì bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn lójú ọ̀nà, kò sí bí a ti lè gbà á padà. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a mọ ọ̀nà tí ó dára láti fi í ránṣẹ́.

Ní 1995, àwọn kan dọ́gbọ́n jí ọ̀rọ̀ aṣínà, èyí tí a mọ̀ sí pásíwọ́ọ̀dù, lórí ìsokọ́ra kọ̀ǹpútà Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Helsinki ní Finland. Gbangba ni ọ̀rọ̀ aṣínà sábà máa ń rìn nígbà náà. Tatu Ylönen, olùṣèwádìí kan níbẹ̀, ṣe ètò SSH láti dí àlàfo yìí. Àṣẹ scp, tí a fi ń da fáìlì kọ, wà lára rẹ̀.

SSH a máa sọ ohun tí a fi ránṣẹ́ di àdììtú kí ó tó kúrò lọ́dọ̀ wa. Ó dà bí àrokò: ẹni tí ó gbé e lọ kò mọ ohun tí ó wí, ẹni tí a fi í ránṣẹ́ sí ni ó lè tú u.

A lè rí scp lò lórí Windows 10 àti 11, lórí Mac àti lórí Linux, láìsan owó. A ó ṣí Terminal, níbi tí a ti ń tẹ àṣẹ, a ó sì tẹ irú èyí:

scp esi.pdf akowe@192.0.2.10:iwe/

Àpẹẹrẹ lásán ni àdírẹ́sì yìí. Fáìlì wa ni ó ṣáájú. Orúkọ tí a fi ń wọlé àti àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà kejì tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn àmì kólọ̀n ni fódà tí yóò gbà á. Bí a bá gbàgbé kólọ̀n, fáìlì náà kò ní kúrò lọ́dọ̀ wa. Bí fáìlì olórúkọ kan náà bá ti wà lọ́hùn-ún, tuntun yóò pa ti àtijọ́ rẹ́ láìbéèrè.

Ibi tí ewu wà jù ni ìbéèrè kan. Nígbà àkọ́kọ́ tí a bá kàn sí kọ̀ǹpútà kan, scp yóò sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n rí, yóò fi àmì ìdánimọ̀ rẹ̀ hàn, èyí tí ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú SHA256, yóò sì béèrè bóyá kí òun tẹ̀ síwájú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa yára tẹ “yes”. Ṣùgbọ́n bí afàwọ̀rajà bá ni ó dúró lójú ọ̀nà, a ti fa àrokò náà lé e lọ́wọ́ tòun ti ìtumọ̀ rẹ̀.

Ohun tí ó tọ́ ni kí a pe alábòójútó kọ̀ǹpútà náà lórí nọ́ńbà tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kí ó ka àmì náà sí wa létí. Bí ó bá dọ́gba, kí a tẹ “yes”. Bí lẹ́tà kan ṣoṣo bá yàtọ̀, kí a tẹ “no”. Láti ìgbà náà, kọ̀ǹpútà wa yóò máa rántí rẹ̀. Bí ó bá kìlọ̀ lọ́jọ́ mìíràn pé àmì náà ti yí padà, ó lè jẹ́ pé wọ́n tún ẹ̀rọ náà tò. Ó sì lè jẹ́ pé ẹlòmíràn ni ó ń dáhùn. Kí a dúró, kí a tún béèrè.

Orúkọ àwọn ọmọ wa ni ó wà nínú àwọn àkọsílẹ̀ wọ̀nyí. Ìpè ìṣẹ́jú kan kò pọ̀ jù láti fi dáàbò bò wọ́n.