Ilé Ìgbọ̀nsẹ̀ Ọjà àti Nǹkan Oṣù

Ẹ̀yin ará Ṣábẹ̀ẹ́, ọ̀rọ̀ tí a máa ń sọ ní kọ̀rọ̀ la mú wá síta lónìí: obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù, níbo ló ti ń pààrọ̀ tó bá wà lọ́jà?

Nǹkan oṣù máa ń dé lẹ́yìn bí ọjọ́ 28, ó sì máa ń tó ọjọ́ 5. Ìdí nìyẹn tí ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún fi jẹ́ ọjọ́ rẹ̀ káàkiri àgbáyé láti ọdún 2014. Páàdì tàbí aṣọ kò yẹ kó pẹ́ ju wákàtí 4 sí 8 lọ lára. Ìyá tó ti ìdájí jókòó ti àtẹ títí ilẹ̀ fi ṣú ńkọ́? Bí kò bá ríbi wọ̀, á fi í sára títí, ara á máa yún un. Òmíràn ò ní mumi kó má bàa tọ̀. Òmíràn á palẹ̀ ọjà mọ́, owó ọjọ́ yẹn lọ nìyẹn.

Kì í ṣe ilé olówó ńlá la ń bèèrè:

1. Ti obìnrin lọ́tọ̀, ilẹ̀kùn tó ṣeé tì láti inú, àti iná.
2. Omi àti ọṣẹ nínú yàrá gan-an. Ta ló fẹ́ gbé ọwọ́ ẹlẹ́jẹ̀ jáde síta?
3. Ìkọ́ lára ògiri, kí aṣọ àti àpò má bàa kan ilẹ̀.
4. Garawa onídérí.

Ẹ má fojú kékeré wo garawa yẹn. Ọ̀rá wà nínú páàdì, kì í jẹrà. Bí a bá ń jù ú sínú ihò, ihò á tètè kún, ọ̀pá ọkọ̀ tó ń fa ìgbẹ́ á dí, owó á tún jáde. Kí ẹni tó ń tọ́jú ibẹ̀ máa da garawa nù lójoojúmọ́, kó wọ ìbọ̀wọ́, ká sì yọ owó rẹ̀ nínú owó tí a ń gbà lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ̀yin bàbá tó ń jókòó ìpàdé ìlú, nǹkan oṣù kì í ṣe àrùn, kò sì sí ẹni tó wáyé láìsí i. Kí ẹ tó wa ihò tuntun, ẹ kọ́kọ́ pe àwọn ìyálọ́jà, kí wọ́n fi ibi tó yẹ hàn yín. Ẹni tọ́rọ̀ kàn là á bi.