OÚNJẸ, ÌṢE OJOOJÚMỌ́ ÀTI ÌRÍRAN LÁLẸ́

Ìfáárà
Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àwa akẹ́kọ̀ọ́ náà rí, nítorí ojú ni a fi ń ka ìwé, òun náà ni a sì fi ń rìn padà sí ilé nígbà tí a bá ń ti yàrá ìkàwé bọ̀ lóru. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa kì í rántí ojú àfi ìgbà tí ó bá ń dùn wá. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé oúnjẹ tí a ń jẹ wà lára ohun tí ojú fi ń ríran lálẹ́, àti pé ó ní ibi tí agbára oúnjẹ mọ.

Bí Ojú Ṣe Ń Ríran Nínú Òkùnkùn
Awọ fẹ́lẹ́ kan wà ní ẹ̀yìn ẹyinjú tí ìmọ́lẹ̀ máa ń bà lé. Oríṣi sẹ́ẹ̀lì méjì ni a fi ń ríran lára awọ yìí. Àwọn kìn-ín-ní, tí wọ́n tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 6, ni a fi ń mọ àwọ̀, àwọn náà ni a sì fi ń kàwé. Àwọn kejì tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 120, wọ́n sì tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá. Àwọn ni a fi ń ríran nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Inú àwọn tí ó dà bí ọ̀pá yìí ni èròjà kan wà tí a ń pè ní rodopsin, fítámì A sì wà lára ohun tí ara fi ń ṣe é. George Wald, ará Amẹ́ríkà, ni ó rí fítámì A nínú awọ ẹ̀yìn ojú ní ọdún 1933. Iṣẹ́ rẹ̀ lórí ìríran ni ó sọ ọ́ di ọ̀kan nínú àwọn tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1967.

Bí ìmọ́lẹ̀ bá kan rodopsin, yóò túká; bí a bá wọ inú òkùnkùn, ara yóò tún un tò. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó ti inú oòrùn wọ yàrá tí ó ṣókùnkùn fi máa ń táràrà kí ojú rẹ̀ tó là. Ó máa ń tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 kí ojú tó mọ òkùnkùn lára tán. Ṣùgbọ́n bí fítámì A bá wọ́n lára, ara kò ní rí ohun tí yóò fi tún rodopsin tò. Onítọ̀hún yóò ríran lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n bí alẹ́ bá lẹ́, yóò dà bí adìẹ tí kò tètè wọlé. Kí a má ṣe sáré sọ pé ayé ni ó mú un lójú; ó lè jẹ́ pé inú ìkòkò ọbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Àwọn ọmọ kékeré àti àwọn aboyún ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Bí fítámì A bá wọ́n lára ọmọ fún ìgbà pípẹ́, ojú rẹ̀ yóò máa gbẹ, egbò lè dá sí iwájú ẹyinjú, ojú sì lè fọ́ pátápátá. Àrùn èèyí máa ń mú kí ewu yìí pọ̀ sí i. Ìdí nìyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera fi ń kán fítámì A sí àwọn ọmọ lẹ́nu láti oṣù 6 títí wọn yóò fi pé ọdún 5.

Àwọn Oúnjẹ Tí Ó Yẹ
(i) Ẹ̀dọ̀ ẹran, ẹyin àti wàrà: Fítámì A gan-an ni ó wà nínú ìwọ̀nyí. Ṣùgbọ́n kí aboyún má ṣe jẹ ẹ̀dọ̀ ní àjẹjù, kí ó má sì lo oògùn fítámì A láìgba àṣẹ dókítà, nítorí àpọ̀jù rẹ̀ lè ṣe ọmọ inú ní ibi.

(ii) Epo pupa: Èròjà tí ó sọ epo di pupa, tí a ń pè ní carotene, ni ara ń sọ di fítámì A. Ṣùgbọ́n bí a bá dá epo sí orí iná títí tí àwọ̀ pupa rẹ̀ fi lọ, carotene inú rẹ̀ ti bá èéfín lọ nìyẹn.

(iii) Ẹ̀fọ́ àti èso: Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ugu, ewédú, ìbẹ́pẹ, máńgòrò àti kárọ́ọ̀tì dára. Kí a fi epo díẹ̀ sí ẹ̀fọ́, nítorí òróró ni ó ń ran carotene lọ́wọ́ láti wọ ara. Bí a óò bá sá ẹ̀fọ́, abẹ́ ibòji ni kí a sá a sí. Oòrùn ń ba carotene jẹ́.

(iv) Gààrí: Ẹni tí ó bá ń mu gààrí funfun láàárọ̀ àti lálẹ́ ti yó, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò jẹun. Ní ọdún 2011, a gbé ẹ̀gẹ́ tí inú rẹ̀ pupa, tí ó sì ní carotene, jáde fún àwọn àgbẹ̀ Nàìjíríà; ilé-iṣẹ́ ìwádìí IITA ní Ìbàdàn wà lára àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ náà.

Ìṣe Ojoojúmọ́
Bí a bá fẹ́ rìn lóru, kí a kọ́kọ́ jẹ́ kí ojú mọ òkùnkùn lára; títẹjú mọ́ tẹlifóònù yóò ba èyí jẹ́. Kí awakọ̀ má ṣe wo iná ọkọ̀ tí ń bọ̀ lójú kòró. Etí ọ̀nà ni kí ó máa wò. Kíkàwé nínú iná bàìbàì kì í fọ́ ojú, ṣùgbọ́n ó ń mú kí ó rẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, kí a máa gbé ojú kúrò nínú ìwé lóòrèkóòrè, kí a wo ọ̀kánkán. Kí a yàgò fún sìgá. Kí a má sì ṣe fi ìtọ̀, ọmú tàbí omi ewé sí ojú.

Ibi Tí Agbára Oúnjẹ Mọ
Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń polongo pé kárọ́ọ̀tì ni awakọ̀ òfurufú wọn, John Cunningham, ń jẹ tí ó fi ń rí ọkọ̀ ọ̀tá lóru. Ẹ̀rọ rédà inú ọkọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ yìí bò mọ́lẹ̀. Ẹni tí fítámì A bá ti tó lára rẹ̀, àjẹkún kárọ́ọ̀tì kò lè sọ ojú rẹ̀ di ti ológbò. Bákan náà, ẹ̀fọ́ kò lè wo àrùn glaucoma, tí ń pa iṣan ojú díẹ̀díẹ̀ láìdunni, tí ó sì wọ́pọ̀ láàrin àwa aláwọ̀ dúdú. Àtọ̀gbẹ náà ń ba ojú jẹ́. Àìríran lálẹ́ mìíràn sì wà tí ó jẹ́ àrùn ìdílé, òmíràn tí ó jẹ́ pé awò ojú ni yóò yanjú rẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀
Ẹ jẹ́ kí á fi ẹ̀fọ́ àti epo sí oúnjẹ wa. Ẹni tí kò bá sì ríran dáadáa lálẹ́, kí ó lọ rí dókítà ojú, kí ó má ṣe jókòó ti ìkòkò ọbẹ̀ nìkan. Ẹni tí òbí tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ní glaucoma, kí ó lọ yẹ ojú rẹ̀ wò, bí kò tilẹ̀ dùn ún. A kì í fi ojú olójú ṣòwò kí á jèrè. Kí oníkálukú tọ́jú tirẹ̀.